Ṣé kí n ra ọkọ̀ oníná báyìí, nígbà tí mo ń gbèrò láti pààrọ̀ iṣẹ́?

Ìbéèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Oníṣirò owó ni mí, ibi iṣẹ́ mi sì jìnnà sí ilé mi tó kìlómítà 95. Àlọ àti àbọ̀ jẹ́ kìlómítà 190 lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ọ̀nà márosẹ̀ ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Owó epo ti ń gbọ́n àpò mi gbẹ, mo wá ń rò ó pé kí n yá owó tí màá fi ọdún márùn-ún san, kí n fi ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tó ń lo iná mànàmáná. Ohun mìíràn tún wà lọ́kàn mi. Iṣẹ́ ìṣirò ti sú mi, àtúnṣe ọkọ̀ oníná yìí gan-an ló sì wù mí kí n kọ́, bóyá láàárín ọdún méjì sí àsìkò yìí. Báwo ni kí bátìrì ọkọ̀ tí màá rà ti tóbi tó? Ṣé kí n rà á kí n tó pààrọ̀ iṣẹ́? Ṣé mo sì lè fi ọkọ̀ náà kọ́ṣẹ́?

Ìdáhùn:

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé, ẹ sì ṣe dáadáa tí ẹ kò ya ọ̀rọ̀ ọkọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń wá gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ mi máa ń ra ọkọ̀ fún ìrìn tí wọ́n ń rìn lónìí, wọn kì í rántí pé gbèsè rẹ̀ á ṣì wà lọ́rùn wọn nígbà tí ìrìn náà bá ti dópin. Mẹkáníìkì ọkọ̀ elépo ni mí tẹ́lẹ̀ kí n tó wá kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ oníná, nítorí náà mo mọ bí ó ṣe máa ń rí lára kí èèyàn fi iṣẹ́ tó mọ̀ sílẹ̀ lọ sídìí èyí tí kò mọ̀. Ní tèmi, ọkọ̀ oníná bá ìrìn yín mu, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tuntun tí ẹ máa fi ọdún márùn-ún san owó rẹ̀ kò bá ètò yín mu.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí bátìrì. Kílówáàtì-wákàtí ni wọ́n fi ń wọn agbára tí bátìrì lè gbà, òun ni wọ́n ń kọ ní kWh sára ìwé ọkọ̀. Ọkọ̀ tó mọ níwọ̀n máa ń jẹ nǹkan bíi 18 kWh fún kìlómítà 100 lórí ọ̀nà márosẹ̀, nítorí náà ìrìn yín lójúmọ́ á jẹ nǹkan bíi 34 kWh. Ẹ má ṣe gbára lé iye kìlómítà tí wọ́n kọ sínú ìwé ìpolówó. Ìdánwò WLTP tí wọ́n ń lò ní Yúróòpù máa ń da ìrìn ìgboro pọ̀ mọ́ ti ọ̀nà márosẹ̀, ọkọ̀ tí ìdánwò náà sì sọ pé ó lè rin kìlómítà 400 lè má rìn ju nǹkan bíi 300 lọ bí ẹni tó ń wà á bá ń sáré kìlómítà 120 ní wákàtí kan láìdẹwọ́. Afẹ́fẹ́ ló fà á. Bí eré bá ṣe ń pọ̀ sí i ni afẹ́fẹ́ ń ta ko ọkọ̀, àtakò náà sì ń yára pọ̀ ju eré fúnra rẹ̀ lọ: ẹni tó bá dín eré kù láti 120 sí 100 ti dín agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń dá a dúró kù ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Lórí kìlómítà 95, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré lẹ ó fi pẹ́ sí i.

Òtútù tún wà níbẹ̀, pẹ̀lú òjò ńlá àti atẹ́gùn tó ń fẹ́ bọ̀ láti iwájú. Ẹ fi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá kún un nítorí ọjọ́ tí ojú ọjọ́ kò bá dára, 34 yẹn á di 44. Lẹ́yìn náà, ẹ rántí pé bátìrì máa ń darúgbó. Bí èyí tó jẹ́ 60 kWh nígbà tó wà ní tuntun bá ti dín kù sí ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, 48 ló kù nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó yẹ kó máa wakọ̀ títí bátìrì á fi gbẹ pátápátá. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún ẹni tí kò bá ní ibi tí ó ti lè gba iná níbi iṣẹ́ pé kí ó wá èyí tó tó 70 kWh. Bí ẹ bá lè gbaná níbẹ̀ ní ọ̀sán, 50 tó yín, owó tí ẹ sì máa fi pamọ́ nínú ìyẹn kì í ṣe kékeré. Nítorí náà, kí ẹ tó tọ ẹnikẹ́ni tó ń ta ọkọ̀ lọ, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ni ọgbà tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ bóyá wọ́n lè gbà kí ẹ máa gbaná níbẹ̀.

Iná ilé yín ni ọ̀rọ̀ tó kàn, ó sì dùn mí pé àwọn tó ń ra ọkọ̀ kì í sábà béèrè nípa rẹ̀. Ihò iná lásán tó wà lára ògiri, tí ó ń gbé 10 áńpì lórí 230 fóòtì, kò lè fún ọkọ̀ ní ju 2.3 kWh lọ ní wákàtí kan, díẹ̀ sì máa ń ṣòfò lójú ọ̀nà. Ká ní ẹ fi ọkọ̀ sórí iná láti aago méje alẹ́ di aago márùn-ún ìdájí, nǹkan bíi 21 kWh ni yóò wọ inú bátìrì. Ẹ wá wo ọkọ̀ tó ní 60 kWh. Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé ó kún. Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ó kù sí 47, ní àárọ̀ Ọjọ́rú ó kù sí 34, ìyẹn ni pé nígbà tí ẹ bá fi máa délé ní alẹ́ Ọjọ́rú, kò ní sí nǹkan kan mọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí oníṣẹ́ iná bá so àpótí ìgbaná tó ń gbé 7.4 kílówáàtì mọ́ ògiri yín, nǹkan bíi wákàtí márùn-ún ti tó láti dá ohun tí ẹ lò lójúmọ́ padà. Bí ilé tí ẹ ń gbé kò bá lè gba irú àpótí bẹ́ẹ̀, ẹ má tíì ra ọkọ̀ oníná fún ìrìn tó gùn tó yìí. Ibùdó ìgbaná kíákíá wà fún ẹni tó ń rìnrìn àjò, ṣùgbọ́n bí òun nìkan lẹ bá gbójú lé, owó iná á máa wọ́n yín, ẹ ó sì máa pàdánù àkókò lójoojúmọ́.

Nípa irú bátìrì, LFP, èyí tí wọ́n fi lítíọ́ọ̀mù, irin àti fọ́sífétì ṣe, ni mo fara mọ́ fún yín. Ó wúwo ju NMC, èyí tí wọ́n fi níkẹ́ẹ̀lì, mangáníìsì àti kóbáátì ṣe, lọ, kò sì fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn òtútù, ṣùgbọ́n ó máa ń fara da kí a máa gbaná sí i kún fọ́fọ́, ó sì máa ń pẹ́. Ní ti NMC, ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ni wọ́n sábà máa ń ní kí a máa gba iná rẹ̀ dé lójoojúmọ́.

Wàyí o, ibi tí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ti kan ti iṣẹ́ nìyí. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ oníṣirò, ẹ bá mi ṣí ìṣirò yìí wò. Kìlómítà 190 lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 48 jẹ́ nǹkan bíi 45,600 lọ́dún. Ohun tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ máa ń ṣe ìdánilójú rẹ̀ fún bátìrì ni ọdún mẹ́jọ tàbí kìlómítà 160,000, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ pé. Lọ́dọ̀ yín, kìlómítà ni yóò kọ́kọ́ pé, láàárín ọdún mẹ́ta àbọ̀. Ìdánilójú á ti tán nígbà tí gbèsè ọdún márùn-ún ṣì ku ọdún kan àbọ̀, ọkọ̀ náà á sì ti rìn débi pé owó tí ẹ máa tà á kò ní lè san ohun tó kù. Bí ẹ bá wá fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún kejì bí ẹ ṣe wí, owó oṣù ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ lẹ máa fi san gbèsè tí ẹ fi owó oṣù oníṣirò jẹ. Mo ti rí ẹni tí irú gbèsè bẹ́ẹ̀ dè mọ́ ìdí iṣẹ́ tí kò fẹ́ràn mọ́, ó sì dùn mí gan-an, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ dáa, ọkàn rẹ̀ sì wà nínú iṣẹ́ tí ó fẹ́ kọ́.

Ohun tí màá ṣe bó bá jẹ́ èmi ni pé, màá wá ọkọ̀ tí ẹlòmíràn ti lò fún bí ọdún méjì tàbí mẹ́ta, tí gbèsè rẹ̀ kò sì ní kọjá ọdún méjì. Ẹ ní kí wọ́n so ẹ̀rọ àyẹ̀wò mọ́ ọn kí ẹ lè rí ìlera bátìrì rẹ̀ kedere. Bí kò bá tó ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, ẹ dúnàá dúrà gidigidi, tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ yẹra fún ọkọ̀ tí kò ní ohun tó ń mú kí bátìrì tutù, irú bí Nissan Leaf ti ìgbà àkọ́kọ́ tó jáde lọ́dún 2010, nítorí pé ooru máa ń ba irú bátìrì bẹ́ẹ̀ jẹ́ kíákíá. Kí ẹ sì tó san owó, ẹ wà á lọ sí ibi iṣẹ́ yín kí ẹ wà á bọ̀, kí ẹ kọ iye kWh tó jẹ sílẹ̀.

Ní ti iṣẹ́ fúnra rẹ̀, ẹ má rò pé inú bátìrì ni a máa ń wà láti àárọ̀ di alẹ́. Ọkọ̀ oníná kò ní ọ́ìlì ẹ́ńjìnì, bẹ́ẹ̀ ni kò ní púlọ́ọ̀gì, ṣùgbọ́n ó wúwo, táyà rẹ̀ sì máa ń tètè jẹ. Bíréèkì rẹ̀ kì í tètè tán, ṣùgbọ́n ó máa ń dípẹtà nítorí pé ẹ̀rọ iná tó ń yí táyà fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń dín eré ọkọ̀ kù. Bátìrì kékeré oní-fóòtì 12 wà níbẹ̀, ẹ̀rọ amúlétutù náà wà níbẹ̀. Ibi tí ewu wà ni àwọn wáyà aláwọ̀ ọsàn, tó ń gbé nǹkan bíi 400 fóòtì, tó sì ń tó 800 nínú àwọn ọkọ̀ kan. A kì í fọwọ́ kàn wọ́n títí a ó fi ti iná pa, tí a ó dúró fún ìṣẹ́jú tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà bá sọ, tí a ó sì fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n pé kò sí iná mọ́. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó lè dènà 1,000 fóòtì là ń wọ̀, ẹnì kan kì í sì í dá ṣe é. Sùúrù iṣẹ́ yìí jọ ti oníṣirò tó ń wá ibi tí àṣìṣe wà nínú ìwé, nítorí náà n kò rò pé ohun tí ẹ ti mọ̀ á ṣòfò.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ wá kíláàsì ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n ti ń kọ́ ìpìlẹ̀ iná mànàmáná, kí ẹ sì bẹ gáráàjì kan pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹ máa wá ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta fún oṣù mẹ́ta. Àkókò ni yóò le jù fún yín, torí pé wákàtí méjì àbọ̀ lẹ ń lò lójú ọ̀nà lójúmọ́. Bí ọ̀gá yín bá lè gbà kí ẹ máa ṣiṣẹ́ láti ilé ní ọjọ́ kan péré lọ́sẹ̀, ọjọ́ yẹn ni kí ẹ fi sí kíláàsì.

Ẹ béèrè bóyá ẹ lè fi ọkọ̀ yín kọ́ṣẹ́. Ẹ lè yí táyà rẹ̀, ẹ lè fọ bíréèkì rẹ̀, ẹ lè pààrọ̀ bátìrì kékeré rẹ̀, ẹ sì lè so ẹ̀rọ àyẹ̀wò mọ́ ọn kí ẹ máa ka ohun tó ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣí bátìrì ńlá náà, ẹ má sì tú wáyà aláwọ̀ ọsàn kankan, títí ẹni tó gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ náà á fi dúró tì yín.