Cava tí kò ní sọnù lẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ

Ẹ kú ìjókòó. Ẹ béèrè irú Cava, wáìnì Sípéènì tó ń hó, tí oúnjẹ kò ní bò mọ́lẹ̀. Gran Reserva, èyí tó pẹ́ gan-an nínú ìgò, ni kẹ́ ẹ rà. Cava tẹ́ ẹ ní ó dà bí omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ adìyẹ yíyan yín yẹn, ó jọ pé ọmọdé ni, kò tíì pẹ́ nínú ìgò.

Oṣù 9 péré ni òfin Sípéènì ní kí Cava lásán lò, ó kéré tán, lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìwúkàrà nínú ìgò. Reserva, oṣù 18; Gran Reserva, 30. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn ló ń fún un ní òórùn búrẹ́dì yíyan àti ẹ̀pà, tó sì ń mú kó kún ẹnu. Bí ẹ bá rí Xarel·lo lára ìgò, ó tún dáa sí i: èso àjàrà agbègbè Penedès ní Sípéènì ni, wáìnì rẹ̀ sì máa ń dáa sí i bó ṣe ń pẹ́.

Àmọ́ bí ọbẹ̀ yín bá ládùn ṣúgà, ẹ yẹra fún Brut Nature, irú Cava tí wọn kì í fi ṣúgà kún. Ṣúgà rẹ̀ kì í tó gíráàmù 3 nínú lítà kan, á kan lẹ́nu. Brut, tí ṣúgà tiẹ̀ lè pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, ni kẹ́ ẹ mú. Fún ẹja díndín tàbí jamón, ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ ti Sípéènì (tèmi nìyẹn!), Brut Nature ò lẹ́gbẹ́.

Ẹ má jẹ́ kó tutù bíi yìnyín o. Ife wáìnì funfun ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn.