Bàtà ẹṣin nínú Inkscape: ìyà tó jẹ mí kí n tó mọ̀ ọ́n yà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní bàtà ẹṣin tí ẹ ń yà nínú Inkscape, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya àwòrán, ń dà bíi lẹ́tà U, apá kan sì ń wú ju èkejì lọ. Ìyà yẹn ti jẹ mí rí. Ní Ìlọrin tí mo ń gbé yìí, Iléyá kì í sún mọ́lé kí iṣẹ́ ẹlẹ́ṣin má wọlé nítorí Durbar, ayẹyẹ ìgun-ẹṣin: ti fìlà, ti sítíkà ọkọ̀, gbogbo ẹ̀.

Òbírí ni mo kọ́kọ́ fi ṣe é. Mo tẹ F5, mo di Ctrl mú kó má baà rí bí ẹyin, mo mú Arc lókè, mo kọ 120 sí Start, 60 sí End. Àlàfo á bọ́ sáàárín gẹ́ẹ́. Bó bá kọjú sókè, ẹ tẹ V, á dorí kodò. Mo yọ fill (àwọ̀ inú) kúrò, mo fún stroke (ìlà etí) ní ìbú tó nípọn. Lójú kọ̀ǹpútà, ó wù mí.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé sítíkà ní Òpópónà Táíwò. Ìlà tín-ín-rín kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ gé, bí ẹni fi bíléèdì ha ara rọ́bà! Sítíkà ṣòfò, èmi ni mo sanwó. Ẹ̀rọ ò mọ ìbú stroke rárá, àárín ìlà gan-an ló ń tọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò jẹ́ gbé fáìlì jáde láìtẹ Stroke to Path, Ctrl+Alt+C, tó ń sọ ìlà di àwòrán tó ní etí gidi.

Èyí tó ṣẹ́kù dójú tì mí jùyẹn lọ. Bàbá kan tó ń tọ́jú ẹṣin wo iṣẹ́ mi, ó rẹ́rìn-ín: "Ọmọ mi, bàtà ẹṣin lo yà ni, àbí ẹ̀gbà ọwọ́?" Ó gbé bàtà àlòkù méjì lé mi lọ́wọ́. Ti ẹsẹ̀ iwájú rí róbótó, ti ẹ̀yìn ṣe ṣóńṣó díẹ̀ níwájú. Ìdí méjèèjì, níbi tí ẹnu bàtà ti ṣí, sì ń súnra wọn bọ̀. Ihò ìṣó ò dé ìdí yẹn rárá, iwájú àti ẹ̀gbẹ́ ló mọ. Èmi ti to ihò yíká bí ìlẹ̀kẹ̀.

Nítorí náà, ìdajì ni mo ń yà báyìí. Ẹ fa ìlà guide (ìlà atọ́nà) kan tó dúró ṣánṣán jáde láti ara rúlà ẹ̀gbẹ́ òsì, ẹ fi B (irinṣẹ́ Pen) ya apá kan ṣoṣo, kí etí rẹ̀ kọjá ìlà yẹn bíńtín. Ẹ to ihò mẹ́rin sórí rẹ̀, ẹ kó ihò nìkan pọ̀ pẹ̀lú Ctrl+K, kí ẹ wá mú ihò àti bàtà, ẹ tẹ Difference, tó ń fi ti òkè gé ti ìsàlẹ̀. Ihò ni kó wà lókè o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ bàtà ló máa pòórá. Ẹ tẹ Ctrl+D kó di méjì, lẹ́yìn náà H kó yí sí òdìkejì, ẹ sún un mọ́ èkejì, ẹ mú méjèèjì, ẹ tẹ Union kí wọ́n di ọ̀kan. Apá méjèèjì ò lè jura wọn lọ mọ́.

Bí sítíkà náà bá kéré ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ẹ yọ ihò ìṣó kúrò níbẹ̀ jàre. Ọmọ iṣẹ́ tó máa fi abẹ́rẹ́ tú mẹ́jọ-mẹ́jọ wọn jáde á ṣépè fún yín.