Ta Ni A Ń Dìbò Fún ní Kétu, Ta Ni Ó sì Ń Fọwọ́ sí Ìwé?

Ẹ kú ìbéèrè, arábìnrin wa. Ẹ ní ẹ ti pẹ́ ní Ìmẹ̀kọ ní Nàìjíríà, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sí ilé bàbá yín ní Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin, ẹ sì fẹ́ mọ ohun méjì: ìdí tí ẹ kò fi lè dìbò fún ẹni tí yóò di maire, ìyẹn olórí ìjọba ìbílẹ̀ wa, àti ẹni tí ẹ lè lọ bá nítorí ẹ̀rọ omi àdúgbò yín tí ó bàjẹ́. Ìbéèrè kejì ni ó wọ̀ mí lọ́kàn jù, nítorí pé mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún lépa irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ bí ìbò ṣe ń di agbára ní ìhà tiwa, ẹnu ọ̀nà tí kò yẹ ni yóò máa kàn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìbò.

Ní Ìmẹ̀kọ, alága ìjọba ìbílẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ẹ ń dìbò fún, ẹ sì tún ń dìbò lọ́tọ̀ fún káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín. Lọ́dọ̀ wa, commune ni a ń pe ìjọba ìbílẹ̀, àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ rẹ̀ nìkan sì ni ará ìlú ń yàn. Commune 77 ni ó wà ní gbogbo orílẹ̀-èdè Benin, òun sì ni ìpele kan ṣoṣo lábẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí òfin fún ní ìgbìmọ̀ tí a dìbò yàn àti àpò owó tirẹ̀. Cotonou, Porto-Novo àti Parakou ní ipò àrà ọ̀tọ̀ nínú òfin, àmọ́ àwọn náà kò kúrò nínú ìlànà yìí. Commune kọ̀ọ̀kan pín sí arrondissement, arrondissement sì pín sí abúlé àti àdúgbò. Mẹ́fà ni arrondissement tiwa: Kétu fúnra rẹ̀, Adakplamè, Idigny, Kpankou, Odométa àti Okpométa. Àwa àti Pobè, Sakété, Ifangni àti Adja-Ouèrè ni a jọ wà ní ẹ̀ka Plateau, níbi tí préfet wà gẹ́gẹ́ bí ojú ìjọba àpapọ̀. Ìjọba ni ó ń yan préfet. Ìbò kò kàn án rárá, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wà lára gbogbo ìpinnu tí ìgbìmọ̀ bá ṣe.

Àwọn òfin tí ó dá ètò yìí sílẹ̀ jáde ní ọdún 1999, ìbò àkọ́kọ́ sì wáyé láti ìparí ọdún 2002 wọ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2003. Lẹ́yìn náà ni ti 2008, ti 2015, ti ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún ọdún 2020, àti ti ọjọ́ 11 oṣù kìíní ọdún 2026 tí wọ́n ṣe pa pọ̀ mọ́ ti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. CENA, àjọ elétò ìdìbò, ni ó ń ṣètò ìbò náà. Ẹni tí èsì kò bá tẹ́ lọ́rùn, ilé ẹjọ́ tí a ń pè ní Cour suprême ni yóò gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ.

Nígbà tí ẹ bá wọ ibi ìdìbò, àmì ẹgbẹ́ òṣèlú ni ẹ óò yàn. Ẹgbẹ́ ti to orúkọ àwọn olùdíje rẹ̀ fún arrondissement yín tẹ́lẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú igbákejì tí yóò rọ́pò rẹ̀ bí àyè bá ṣófo. Ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan kò lè dá dúró láti díje, bí ó ti wù kí gbogbo ìlú fẹ́ràn rẹ̀ tó. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tí ẹ mọ̀ tí ẹ sì fọkàn tán lè wà ní ìsàlẹ̀ àkójọ orúkọ, kí ìbò yín gbé ẹlòmíràn tí ẹ kò mọ̀ rí wọlé. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa pé àsìkò tí àwọn ẹgbẹ́ ń to orúkọ ṣe pàtàkì ju ọjọ́ ìdìbò lọ, torí pé nígbà náà ni a ń mọ ẹni tí yóò jókòó fún wa, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í sì í yọjú síbẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ó dun àwọn ará Plateau àti ti Ouémé, ẹ̀ka tí Porto-Novo wà, gan-an ní 2020. Òfin ìdìbò sọ pé ẹgbẹ́ tí kò bá rí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ìbò ní gbogbo orílẹ̀-èdè kò ní gba àga kankan, kódà ní ibi tí ó ti borí. Ẹgbẹ́ márùn-ún ni ó díje lọ́dún yẹn. Mẹ́ta péré ni ó pín àga 1,815: Union Progressiste gba 820, Bloc Républicain gba 735, FCBE gba 260. PRD, tí gbòǹgbò rẹ̀ jinlẹ̀ ní Porto-Novo àti ní agbègbè wa, kò rí àga kan ṣoṣo. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe òfin náà: ẹgbẹ́ òṣèlú ti pọ̀ ju igba lọ ní Benin, ìjọba sì fẹ́ kí wọ́n dàpọ̀ di ńlá. Síbẹ̀, èrò mi ni pé bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ọjà, ti gọ́tà àti ti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò yẹ kí ìbò tí àwọn ará Cotonou tàbí Natitingou dì sọ ìbò tí àwọn ará arrondissement kan dì fún ara wọn di asán.

Ní ti maire, àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ni ó máa ń dìbò yàn án láàárín ara wọn tẹ́lẹ̀, wọ́n sì lè fi ìdá méjì nínú mẹ́ta yọ ọ́. Ìyọnípò yìí wá pọ̀ débi pé àwọn commune kan kò rí àyè ṣe iṣẹ́ mìíràn. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹfà ọdún 2020, nígbà tí a ti dìbò tán, òfin tuntun jáde pé ẹgbẹ́ tí ó bá ní ju ìdajì àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ lọ ni yóò fa maire àti àwọn igbákejì rẹ̀ kalẹ̀. Bí kò bá sí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, kí àwọn ẹgbẹ́ jọ ṣe àdéhùn. Bí àdéhùn kò bá ṣeé ṣe ni wọn óò tó dìbò. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu pé àwọn olórí ẹgbẹ́ ní Cotonou ń fi ojú sí ẹni tí yóò jẹ maire ní Kétu. Ẹni tí ó bá fẹ́ díje fún ipò ààrẹ gbọ́dọ̀ rí ìfọwọ́sí àwọn aṣòfin àti àwọn maire. Aṣòfin jẹ́ 109, maire jẹ́ 77. Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni òfin béèrè ní 2021, ṣùgbọ́n láti 2024 ó ti di ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìyẹn ènìyàn 28.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà jù lọ fún ará ìlú nìyí. Òfin nọ́ńbà 2021-14 ti ọjọ́ 20 oṣù kejìlá ọdún 2021 gba iṣẹ́ ojoojúmọ́ kúrò lọ́wọ́ maire, ó gbé e fún akọ̀wé àgbà tí a ń pè ní secrétaire exécutif. Òṣìṣẹ́ ni ẹni yìí. A kì í dìbò yàn án. Gègé ni wọ́n ṣẹ́ lórí orúkọ àwọn tí ó kúnjú òṣùwọ̀n kí wọ́n tó pín wọn sí àwọn mairie, ìyẹn ọ́fíìsì commune, ní 2022. Òun ni ó ń darí àwọn òṣìṣẹ́ mairie, òun ni ó sì ń pàṣẹ ìnáwó. Maire ni ó ń ṣe alága ìgbìmọ̀, tí ó ń ṣojú commune níta, tí ó sì ń so tọkọtaya pọ̀. Òun, àwọn igbákejì rẹ̀ àti àwọn alága ìgbìmọ̀ kéékèèké ni ó jọ wà nínú conseil de supervision tí ó ń ṣọ́ akọ̀wé náà. Kódà bí secrétaire exécutif bá pàṣẹ ìnáwó, owó kò ní jáde bí kò ṣe pé receveur-percepteur, tí í ṣe òṣìṣẹ́ ilé ìṣúra ìjọba, bá rí i pé ìwé pé.

Ọ̀rọ̀ ilé ìwé ni ó kọ́ mi ní gbogbo èyí. Abúlé ìyá mi wà ní commune mìíràn tí n kò ní dárúkọ. Ìjì ṣí òrùlé kíláàsì mẹ́ta níbẹ̀, àwọn ọmọ sì ń kàwé lábẹ́ igi máńgòrò. Ọjọ́ tí òjò bá rọ̀, ilé ni wọ́n ń gbà lọ. Àwọn àgbà abúlé kọ ìwé sí maire, wọ́n sì gbé ọ̀ràn náà lé mi lọ́wọ́. Maire gbà wá tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ó ṣe ìlérí, n kò sì rò pé irọ́ ni ó ń pa fún wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí a padà lọ, ìwé wa ti sọnù nínú mairie ọ̀hún, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ pé òun rí i rí. Láàárín ìgbà náà ni secrétaire exécutif dé. Òun ni ó jókòó, tí ó ṣàlàyé fún wa láìfi ohunkóhun pamọ́, pé bí òun tilẹ̀ fẹ́ fọwọ́ sí i lọ́jọ́ náà, kò sí ohun tí òun lè fọwọ́ sí, nítorí pé òrùlé yẹn kò sí nínú ètò ìṣúná ọdún náà.

Gbólóhùn yẹn ni kókó ọ̀rọ̀. Ohun tí kò bá sí nínú ètò ìṣúná, kò sí ẹni tí ó lè ṣe é, ìbáà jẹ́ maire, ìbáà jẹ́ akọ̀wé. Ètò ìdàgbàsókè commune, tí wọ́n ń pè ní PDC, ni a ti ń mú iṣẹ́ ọdọọdún jáde, iṣẹ́ ọdọọdún ni ó ń wọ inú ètò ìṣúná, ìgbìmọ̀ ni ó ń dìbò sí i, préfet sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ó tó di ohun tí a lè ná. Nítorí náà, àwa tún ìwé mìíràn kọ, ojú ewé kan péré: iye àwọn ọmọ tí ó wà ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan, ohun tí ó bàjẹ́, àwòrán rẹ̀, pẹ̀lú ìfọwọ́sí olórí abúlé, ọ̀gá ilé ìwé àti ẹgbẹ́ àwọn òbí. A mú un lọ bá chef d'arrondissement, ìyẹn olórí arrondissement, nítorí pé òun gan-an jẹ́ ọmọ ìgbìmọ̀, ó sì ń jókòó níbi tí a kò lè dé. A tún lọ bá ọmọ ìgbìmọ̀ kan tí ó wà nínú ìgbìmọ̀ kékeré tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́. Ọdún kejì ni òrùlé náà wọ ètò ìṣúná. Kíláàsì méjì ni wọ́n ti ṣe. Ìkẹta ṣì wà bẹ́ẹ̀, a kò sì tíì dákẹ́ lórí rẹ̀.

Ẹ tún gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ó jẹ́ ti commune àti ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, kí ẹsẹ̀ yín má baà rìn lásán. Kíkọ́ ilé ìwé jẹ́léósinmi àti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti títún un ṣe, ọjà, ọ̀nà abúlé, ìmọ́tótó àti ilé ìwòsàn kékeré arrondissement jẹ́ ti commune. Olùkọ́ jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Commune kò lè gbà á síṣẹ́ fún yín. Ní ti omi, ẹ kọ́kọ́ wádìí irú ẹ̀rọ tí ó wà ní àdúgbò yín. Bí ó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ inú ìlú, SONEB, iléeṣẹ́ omi ìjọba, ni ó ni ín, ọ́fíìsì wọn ni kí ẹ lọ. Bí ó bá jẹ́ ti abúlé, iléeṣẹ́ ìjọba ANAEPMR ni ó ń bójú tó omi ìgbèríko, àmọ́ ẹ jẹ́ kí chef d'arrondissement yín náà gbọ́, kí ọ̀rọ̀ náà lè dé mairie. Bí ó bá jẹ́ kànga tí àdúgbò fúnra rẹ̀ gbẹ́, nígbà náà ni ọ̀nà ètò ìṣúná tí mo sọ yìí kàn yín.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ pé kí ẹ lọ sí ààfin. Ọ̀wọ̀ Aláké­tu kò kéré lójú mi, ìdílé ọba márààrún sì wà nídìí ìtẹ́ náà. Bí ìjà ilẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ láàárín ẹbí méjì, n kò mọ ibi tí ó dára jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ààfin kò ní ìbò nínú ìgbìmọ̀ commune, ọ̀rọ̀ tí a bá sì fi síbẹ̀ nìkan kò ní wọ inú ètò ìṣúná.

Ìgbìmọ̀ máa ń jókòó ní ìdámẹ́rin ọdún kọ̀ọ̀kan, ìjókòó náà sì ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ẹ kò ní lè sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ lè jókòó jẹ́ẹ́ kí ẹ máa gbọ́. Èyí tí wọ́n ti ń jíròrò ètò ìṣúná ọdún tí ń bọ̀ ni kí ẹ má ṣe pàdánù, ẹ sì ti bá ọmọ ìgbìmọ̀ arrondissement yín sọ̀rọ̀ ṣáájú rẹ̀, nítorí pé nígbà tí wọ́n bá ti gbé ìwé náà síwájú ìgbìmọ̀, ohun tí ó ṣẹ́ kù láti yí padà nínú rẹ̀ kò pọ̀ mọ́. Ẹ ṣe ẹ̀dà ìwé yín mẹ́ta: ọ̀kan fún mairie, ọ̀kan fún chef d'arrondissement, ọ̀kan fún ọwọ́ ara yín. Ẹ má ṣe kúrò níwájú tábìlì akọ̀wé títí wọn yóò fi tẹ èyí tí ó jẹ́ tiyín lóǹtẹ̀, tí wọn yóò sì kọ ọjọ́ àti nọ́ńbà sí i lára.