Rélùwéè olówó iyebíye, kí ló dé tí wọ́n ń tì í lópin ọ̀sẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹnjiníà. Ọmọ mi obìnrin tó ń gbé Abbey Wood ní Lọ́ńdọ̀nù ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, mo sì fẹ́ lọ bá a wẹ ọmọ. Ọjọ́ Àìkú ni bàálù mi máa balẹ̀ sí Heathrow. Ó ní Elizabeth line lè gbé mi dé àdúgbò òun tààrà, àmọ́ kí n má gbọ́kàn lé e, torí wọ́n lè tì í lọ́jọ́ náà. Rélùwéè tuntun tó jẹ owó tó bẹ́ẹ̀, kí ló ń ṣe é? Kí ni kí n ṣe? – Ìyá kan ní Ṣágámù.

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú oríire, Olúwa yóò dá ọmọ náà sí. Òótọ́ lọmọ yín sọ, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà kò bàjẹ́. Títì tí wọ́n kéde ṣáájú yàtọ̀ pátápátá sí kí ọkọ̀ dákú mọ́ èèyàn lójú ọ̀nà.

Owó tó bá a lọ sún mọ́ bílíọ̀nù 19 pọ́n-ùn. Ọdún 2018 ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àmọ́ ọjọ́ 24 oṣù Kàrún-ún ọdún 2022 ni èrò tó wọ̀ ọ́. Ihò abẹ́ ilẹ̀ àti àwọn ibùdókọ̀ ńláńlá ló jẹ ọ̀pọ̀ nínú owó náà. Kò sówó tó lè ra irin tí kì í jẹ, wọn kò sì fi ra ojú irin kẹta. Méjì péré ló wà nínú ihò náà, ọ̀kan fún àlọ, ọ̀kan fún àbọ̀.

Ẹ̀yin ará Rẹ́mọ rántí ìgbà tí wọ́n ń tún títì Èkó sí Ìbàdàn ṣe. Wọ́n á ti apá kan, wọ́n á da gbogbo mọ́tò sí apá kejì, ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀ á jọ máa fún ara wọn. Ìyà ni, àmọ́ ẹ ṣì máa dé Berger. Ojú irin kò gba irú ẹ̀. Nígbà tí èrò bá pọ̀ jù, ọkọ̀ 24 ló ń gba àárín ìlú lọ sí apá kan láàárín wákàtí kan, kò sì sí èyí tó lè yà fún òmíràn. Ní New York, ojú irin mẹ́rin ni wọ́n tẹ́ sí ọ̀pọ̀ ọ̀nà wọn, ìyẹn sì wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n lè máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru.

Ẹ lè ní kí wọ́n máa fi òru tún un ṣe. Wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ aago méjìlá òru á ti kọjá kí ọkọ̀ ìkẹyìn tó wọlé, ìdájí ni ti àkọ́kọ́ sì ń jáde. Wáyà tó wà lókè ọkọ̀ gbé iná 25,000 fóltì. Kí òṣìṣẹ́ tó fẹsẹ̀ kan ojú irin, wọ́n gbọ́dọ̀ pa iná náà, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò pé ó ti kú lóòótọ́, kí wọ́n sì fi wáyà so ó mọ́ ilẹ̀ kó má baà pani. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á tó kó irinṣẹ́ wọlé. Kí wọ́n tó jáde, wọ́n á ka àwọn irinṣẹ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí sípánà kan má baà kù sójú irin. Àkókò tó ṣẹ́ kù fún iṣẹ́ gan-an lè má ju wákàtí méjì lọ. Ìyẹn tó fún àyẹ̀wò àti àtúnṣe kékeré. Kò tó láti hú oríta ojú irin, kí wọ́n gbé òmíràn síbẹ̀, kí wọ́n sì dán an wò.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló tuntun. Láti ibùdókọ̀ Paddington ní Lọ́ńdọ̀nù lọ sápá Heathrow, ojú irin tó ti wà láti ọdún 1838 ló ń gbà, òun àti àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí Bristol àti Wales. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń kọ́ ibùdókọ̀ ńlá Old Oak Common lọ́wọ́. Ojú ọ̀nà yìí kan náà ni wáyà ti já nírọ̀lẹ́ ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 2023, tí èrò há sínú ọkọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí nínú òkùnkùn àti òtútù. Ó sàn kí wọ́n kéde títì fún mi lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ju kí irú ìyẹn ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ti kọ̀ǹpútà tó ń darí ọkọ̀ náà tún wà ńbẹ̀. Ọ̀nà ìdarí mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọkọ̀ kan náà ń lò láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, ọ̀nà sì gbọ́dọ̀ ṣófo kí wọ́n tó tún ètò rẹ̀ ṣe. Ìdí nìyẹn tí àárín ìlú kì í fi í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú níbẹ̀rẹ̀, àfi ti ayẹyẹ àádọ́rin ọdún Ọbabìnrin Elizabeth lórí oyè, títí di ọjọ́ 6 oṣù Kọkànlá ọdún 2022.

Ohun tí mi ò fara mọ́ ni kí wọ́n tì í láìpèsè bọ́ọ̀sì tó pọ̀ tó. Nọ́ọ̀sì tó ń lọ síṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú àti àgbàlagbà tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ló ń jìyà rẹ̀.

Ó ku ti ìrìn àjò yín. Kí ọmọ yín wo ìkéde TfL, iléeṣẹ́ ìrìnnà Lọ́ńdọ̀nù, lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kó tún wò ó ní àṣálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Kó wo ibi tí wọ́n tì gan-an. Bó bá jẹ́ apá Heathrow, ẹ má sá lọ sí Heathrow Express, ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré láti Heathrow dé Paddington. Ojú irin kan náà ló ń gbà, ó sì wọ́n. Ẹ wọ Piccadilly line, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, dé Green Park, ẹ bọ́ sí Jubilee line fún ibùdó kan péré dé Bond Street, ẹ wá wọ Elizabeth níbẹ̀. Bó bá jẹ́ àárín ìlú ni wọ́n tì, Jubilee yẹn kan náà á gbé yín láti Green Park dé London Bridge, níbi tí ọkọ̀ ojú irin mìíràn ti ń lọ sí Abbey Wood. Ẹ̀rọ agbéniròkè wà ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ ò ní gbé àpò gàrí gun àtẹ̀gùn, àmọ́ ìrìn inú Green Park gùn, ẹ rọra.

Bí ẹ kò bá tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì, tó sì jẹ́ pé àsìkò Kérésì lẹ ní lọ́kàn, ẹ yí ọjọ́ padà. Ọkọ̀ ojú irin kì í ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́jọ́ Kérésì, àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e sì ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe iṣẹ́ ńlá ní Paddington.