Àǹtí, ọmú tí wọ́n tún ṣe fún mi ti le gbagidi

“Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Ó di ọdún mẹ́rin tí wọ́n ti gé ọmú òsì mi nítorí jẹjẹrẹ. Wọ́n fi àpò sílíkónì rọ́pò rẹ̀, mo sì gba ìtọ́jú onítànṣán lẹ́yìn náà. Láti ọdún tó kọjá ló ti ń le, ó fà sókè, n kò lè fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn mọ́. Dókítà ní kí n mú ọ̀kan: kí wọ́n pààrọ̀ àpò náà, kí wọ́n fi ẹran ikùn mi ṣe ọmú mìíràn, tàbí kí wọ́n yọ ọ́ pátápátá. Ọkọ mi ní kí n fara dà á, pé ṣebí mo wà láàyè. Ojú ń tì mí láti máa ráhùn.” — Aláìróorunsùn

Àbúrò mi, bóyá ẹ̀rù iṣẹ́ abẹ ló ń ba ọkọ rẹ, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni oorun ń dá lóró. Ráhùn, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Gbogbo àpò tí wọ́n bá fi sínú ọmú ni ara máa ń mọ odi yí ká, bí ìgbà tí ìlú bá rí àjèjì. Odi yìí, awọ àpá ni. Nígbà mìíràn á nípọn, á súnkì, á wá máa fún àpò náà pọ̀. Ìwọ̀n Baker ni àwọn oníṣẹ́ abẹ fi ń wọ̀n ọ́n, láti 1 dé 4. Èyí tó le, tó fà, tó sì ń dunni ni 4. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. Ìtànṣán wà lára ohun tó ń fà á jù.

Nítorí ìtànṣán yẹn ni mo ṣe ń ṣiyèméjì nípa ti àkọ́kọ́, ìyẹn pípààrọ̀ àpò náà. Gígé awọ àpá kúrò àti fífi àpò tuntun sí i kò pẹ́, ara sì ń tètè yá, ṣùgbọ́n àyà tí ìtànṣán ti kàn lè tún le padà. Bi dókítà bóyá fífa ọ̀rá láti ibòmíràn sábẹ́ awọ náà lè ràn án lọ́wọ́.

Ti ikùn ni ǹ bá kọ́kọ́ béèrè tó bá jẹ́ èmi. Èyí tí wọ́n ń pè ní DIEP kì í mú iṣan ikùn rárá: awọ àti ọ̀rá abẹ́ ìdodo ni, pẹ̀lú òpó ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n á so mọ́ ti àyà. Kò sí àpò tí odi kankan máa fún. Àmọ́ iṣẹ́ abẹ ọlọ́pọ̀ wákàtí ni, àpá á wà ní ikùn, bí òpó tí wọ́n so bá sì dí, wọ́n lè tètè gbé ọ padà sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Tí o bá ń mu sìgá, o gbọ́dọ̀ ti jáwọ́ ṣáájú. Bí ikùn kò bá ní ọ̀rá tó, wọ́n lè mú ti ẹ̀yìn.

Yíyọ ọ́ pátápátá kì í ṣe ìjákulẹ̀. Ṣùgbọ́n sọ ọ́ ṣáájú pé àyà pẹrẹsẹ lo fẹ́, kí wọ́n gé awọ tó ṣẹ́ kù dáadáa. Àwọn oníṣẹ́ abẹ kan máa ń fi awọ sílẹ̀ pé bóyá o máa yí ọkàn padà, á wá rọ̀ jọwọlọ.

Kó o tó mú èyíkéyìí, jẹ́ kí dókítà jẹjẹrẹ rẹ yẹ ibẹ̀ wò pé àìsàn náà kò padà, kí wọ́n sì fi MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, wò ó bóyá àpò náà ti ya. Wo káàdì tí wọ́n kọ orúkọ àpò náà sí pẹ̀lú: ní 2019 ni ilé-iṣẹ́ Allergan kó àwọn àpò BIOCELL wọn, tí ara wọn rí háráhárá, kúrò lọ́jà nítorí jẹjẹrẹ kan tí kò wọ́pọ̀, BIA-ALCL. Ọmú tó bá ṣàdédé wú lẹ́yìn ọdún díẹ̀, kí wọ́n fa omi rẹ̀ yẹ̀ wò.

Kò sí ìkánjú nínú ìpinnu yìí, àfi bí ibà bá dé, bí ọmú bá pọ́n tó ń gbóná, tàbí bí ojú ọgbẹ́ bá là. Ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an nìyẹn.

Mú ọkọ rẹ dání nígbà tó o bá padà lọ. Kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà fúnra rẹ̀.