Ta ló dojú ìjà kọ kọ̀ǹpútà Òlíḿpíìkì?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, mo máa ń gbọ́ lórí rédíò pé ìjọba kan fẹ̀sùn kan ìjọba mìíràn pé òun ló kọlu kọ̀ǹpútà òun. Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ló sì dé tó fi máa ń pẹ́? Òǹkàwé yín, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ìdíje Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù tó wáyé ní Pyeongchang, ní Gúúsù Kòríà, ni a ó fi dá yín lóhùn. Ní alẹ́ ọjọ́ 9 oṣù Kejì ọdún 2018, bí ayẹyẹ ìṣíde ti ń lọ lọ́wọ́, íntánẹ́ẹ̀tì pápá ìṣeré dákẹ́, ìkànnì ìdíje náà kò ṣí mọ́, ọ̀pọ̀ tó ti sanwó kò sì rí tíkẹ́ẹ̀tì wọn tẹ̀ jáde.

Ọwọ́ Àríwá Kòríà ni àwọn kan kọ́kọ́ rí nínú fáìlì tí àwọn oníṣẹ́ ibi fi kọlu kọ̀ǹpútà ìdíje náà. Àwọn mìíràn rí ohun tó jọ ti Ṣáínà. Irinṣẹ́ Microsoft tí wọ́n fi ń ṣe irú fáìlì bẹ́ẹ̀ máa ń fi àkọsílẹ̀ kékeré kan pa mọ́ sínú rẹ̀, tó ń sọ irinṣẹ́ tí wọ́n lò, àkọsílẹ̀ inú èyí sì bá ti fáìlì kan tó jẹ́ ti Lazarus, ẹgbẹ́ akọlu-kọ̀ǹpútà ti Àríwá Kòríà, mu régí. Ṣùgbọ́n nígbà tí Kaspersky (ilé-iṣẹ́ tó ń dáàbò bo kọ̀ǹpútà, ní Mọ́sìkò ní Rọ́ṣíà ni o) yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, wọ́n rí i pé irinṣẹ́ àtijọ́, Visual Studio 6, ni àkọsílẹ̀ náà ń dárúkọ, bẹ́ẹ̀ ẹ̀dà ọdún 2010 ni wọ́n fi ṣe fáìlì náà. Ńṣe ni ẹnìkan mọ̀ọ́mọ̀ lẹ àmì ẹlòmíràn mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ibi tó ti le nìyẹn: ohun tí gbogbo ayé lè yẹ̀ wò nínú fáìlì ló rọrùn jù láti fi purọ́, ohun tí àwọn amí sì gbọ́ ní kọ̀rọ̀, ìjọba kì í fẹ́ kó jáde, kí ọ̀tá má baà mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣọ́ ọ. Kí oṣù Kejì yẹn tó parí ni ìwé ìròyìn Washington Post ti gbé e pé àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà gbà pé GRU, àwọn amí ológun Rọ́ṣíà, ló ṣe é. Síbẹ̀, ó di ọjọ́ 19 oṣù Kẹwàá ọdún 2020 kí Amẹ́ríkà tó dárúkọ òṣìṣẹ́ GRU 6 nínú ìwé ẹ̀sùn. Òótọ́ ni pé wọn kò jẹ́ kí Rọ́ṣíà gbé àsíá rẹ̀ wá síbi ìdíje náà nítorí ọ̀ràn oògùn amárale, ṣùgbọ́n inú bíbí kò tó ẹ̀rí lójú tiwa.

Rọ́ṣíà sẹ́ kanlẹ̀. Òfin rẹ̀ kò sì gbà kí wọ́n fa ọmọ orílẹ̀-èdè náà lé ìjọba mìíràn lọ́wọ́, nítorí náà ó ṣòro kí ilé ẹjọ́ kankan tó gbọ́ ẹ̀rí yìí tẹnu-tojú.