Kí o tó náwó lé ẹ̀rọ ìlọ̀ ẹ̀gẹ́ ní Kétu, ilẹ̀ Benin

Àbúrò, o ní 600,000 sẹ́fà wà lọ́wọ́ rẹ, owó tí o ti ń tọ́jú láti fi gba Agadez ní Nìjẹ̀r kọjá sí Líbíà. O wá ń béèrè bóyá ẹ́ńjìnnì bẹntiróò ni kí o rà sídìí ẹ̀rọ ìlọ̀ ẹ̀gẹ́ àbí ti gásóálì. Gásóálì ni. Ó wọ́n ju èkejì lọ lójú ọjà, ṣùgbọ́n kì í jẹ epo púpọ̀, ó sì lè ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Kpayo, bẹntiróò fàyàwọ́ láti Nàìjíríà tí gbogbo wa gbójú lé, láti ìgbà tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, kò ṣeé fi ṣírò èrè mọ́.

Ní ti ọ̀nà yẹn, ẹni tó bá gbà á rí kì í fẹ́ sọ ọ́ lọ títí. Owó tí o san dé Agadez kì í ṣe òpin owó. Àwọn tó ń kó èèyàn kọjá á tún dá ọ dúró gbowó ní Sebha ní Líbíà, ilé yín ni wọ́n á sì máa pè kí wọ́n tó dá ọ sílẹ̀. Àwọn tí Àlgéríà bá lé, inú aṣálẹ̀ ni wọ́n ń já wọn sí, ẹsẹ̀ ni wọ́n á fi rìn dé Assamaka, ẹnubodè Nìjẹ̀r.

Ibi tí mo fẹ́ kí o fetí sí nìyí: má ra ẹ̀gẹ́ rárá lọ́dún àkọ́kọ́. Owó ìlọ̀ ni kí o máa gbà. Àwọn ìyá tó ń yan gàrí ní ẹ̀gẹ́ tiwọn. Wọ́n á gbé e wá ní abọ́ abọ́, o ó bá wọn lọ̀ ọ́, o ó bá wọn fún omi rẹ̀ jáde, wọ́n á sanwó lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá ń fi owó ara rẹ̀ ra ẹ̀gẹ́, owó náà á há sínú àpò, á há sọ́wọ́ oníbàárà tó gbé e láwìn. Tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ tútù kan, nǹkan bí 200 sí 250 kìlò gàrí ló ń jáde níbẹ̀. Bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, omi á pọ̀ nínú ẹ̀gẹ́, á tún dín. Bó bá sì ti kúrò nílẹ̀, ọjọ́ méjì péré ni o ní kí inú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Kí ẹ́ńjìnnì kọṣẹ́ nígbà yẹn, ẹrù ti lọ nìyẹn.

Kírédì ńkọ́? Ẹ̀rín tí òṣìṣẹ́ ilé ẹ̀yáwó ń rín sí ọ lọ́jọ́ ìforúkọsílẹ̀, o ò ní rí i lọ́jọ́ ìsanpadà. Béèrè oṣù tí ìsanpadà máa bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ oṣù tó tẹ̀lé e, tí ajórinmọ́rin kò tíì parí ẹ̀rọ rẹ, inú owó tí o yá gan-an ni o ó ti máa san gbèsè, èlé kò sì ní torí ẹ̀ dín. Béèrè iye tí wọ́n máa yọ kí owó tó dọ́wọ́ rẹ: owó ìwé, owó ìdógò, owó ìbánigbófò. Bó bá jẹ́ ẹ̀yáwó ẹgbẹ́, tí ẹnì kan nínú yín sá lọ, ẹ̀yin tó kù lẹ máa san án, agbo ilé ìyá rẹ ni wọ́n á sì wá jókòó sí. Ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: iye tí o máa gbà, iye tí o máa dá padà. Bí òṣìṣẹ́ bá ní kí o má yọra rẹ lẹ́nu, dìde níbẹ̀.

Àwọn onídàánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta náà ńkọ́? Wọ́n á kọ́ ọ bí a ṣe ń kọ ètò òwò, wọ́n á yà ọ́ ní fọ́tò, wọ́n á fún ọ níwèé ẹ̀rí, ẹnikẹ́ni kò ní fi bí a ṣe ń pààrọ̀ bẹ́líìtì hàn ọ́. Lọ jókòó ti ẹni tó ń lọ̀gẹ́ fún oṣù díẹ̀. Bí agbára bá ká a, Songhai, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ l'Ájàṣẹ́ (Porto-Novo) ní 1985, wà níbẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. IFU, ìyẹn nọ́ńbà owó orí rẹ, àti ìforúkọsílẹ̀ òwò lórí monentreprise.bj kò le, fóònù rẹ tó o ṣe é.

Páánù tó ń rin ẹ̀gẹ́, inox, irin tí kì í dípẹtà, ni kí wọ́n fi ṣe é. Irin lásán á dípẹtà, gàrí á máa dúdú, àwọn ìyá á sì bá ẹlòmíì lọ láìbá ọ jà. Máa fi ìka tọ́ ọ wò: bí ẹnu ihò rẹ̀ kò bá gún ọ mọ́, ó ti kú, ẹ̀gẹ́ á máa jáde ní wóró wóró, kò sì ní ṣeé fún. Jáàkì ọkọ̀ ńlá nínú férémù irin ló dára fún fífún. Fi pákó tó nípọn sábẹ́ rẹ̀, torí òróró jáàkì máa ń jò sínú ẹ̀gẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni kí o máa tẹ̀ ẹ́, kí àpò má bàa bẹ́. Bí o bá bù ú tó fọ́ láìlẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́, ó ti tó. Bó bá ṣì ń lẹ̀, inú agbada ló ti máa di kókó, igi á jó lásán, gàrí náà á sì hu nínú àpò.

Omi tó ń ṣẹ́ jáde lára ẹ̀gẹ́ tí o ń fún ní májèlé. Gbẹ́ kòtò fún un jìnnà sí kànga, kí o sì bo kòtò náà. Ewúrẹ́ aládùúgbò kan ṣoṣo tó bá mu ún kú, iwájú baálẹ̀ ni èrè oṣù yẹn máa parí sí.

Ìgbà tí o bá wá ń yan gàrí tìrẹ, má gbé gbogbo rẹ̀ lé àwọn tó ń ti Ìmẹ̀kọ ní Nàìjíríà wá rajà. Nàìjíríà ti ẹnubodè lóṣù kẹjọ 2019, oṣù kejìlá 2020 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Àwọn tọ̀hún fẹ́ èyí tó kan, tó ti sùn lápò ní ọjọ́ mẹ́ta. Ará Àjàṣẹ́ fẹ́ kíkúnná tí kò kan. Ya ti oníkálukú sọ́tọ̀, kí o sì gbowó rẹ ní sẹ́fà.

Má jẹ́ kí irin gbé ju ìdá méjì nínú mẹ́ta owó rẹ lọ. Ìyókù wà fún bẹ́líìtì, páánù àti oúnjẹ. Bó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì àlòkù, ní kí wọ́n tan án lójú rẹ, kó ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan. Bó bá ti gbóná tí èéfín rẹ̀ ṣì funfun, tàbí tó ń jáde ní àwọ̀ búlúù, má rà á. Kí mẹkáníìkì tìrẹ tẹ̀ lé ọ lọ, kì í ṣe èyí tí olùtajà bá pè wá.